Orin Asẹ́

Ẹ̀yìn mi ni mo fi kọ́kọ́ mọ ọmọbìnrin náà, kí n tó fojú rí i. Ẹni tó bá ti ṣọ́lé rí nínú eré bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ríbi sá sí nígbà tí èrò bá ń bú wọn. Bí apá ọ̀tún bá gbóná, wọn a sáré lọ sí apá òsì, bí bọ́ọ̀lù bá sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn a pòórá sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Aṣọ́lé kò ríbi lọ. Ó dúró síwájú àwọ̀n, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń bú u, etí rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbayawu. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá jẹun, nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí pápá wọn wà ní Yábàá. Bí a bá ti bọ́ sí ìdajì kejì tí mo dúró síwájú ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń jókòó sí, ohùn ọmọbìnrin yẹn a kọ́kọ́ wọ̀ mí lẹ́yìn ọrùn kó tó wá dé etí mi. Ó mọ́, ó ga, kò sì ní àánú.

Ọmọ tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù wá kì í sanwó wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ́ wá láti Sábó àti Òyìngbò, àwọn kan láti Mushin tí wọ́n ti bí èmi náà. Orí àtẹ̀gùn kọnkéré lẹ́yìn ilé góòlù ni ìjókòó wọn, wáyà nìkan ló sì wà láàárín àwa àti wọn. Ká sọ òótọ́, bọ́ọ̀lù kọ́ ni wọ́n ń wò. Èébú ni wọ́n wá bú. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọn kì í gbàgbé ọ̀wọ̀ níbẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ yín nìyẹn àbí ẹsẹ̀ àga?” Èèyàn ò ní mọ̀ bóyá kí òun bínú ni tàbí kí òun ní kí wọ́n dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Oníkálukú wa ló ní bó ṣe ń gbé e. Balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ṣúrùlérè kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, a máa dúró dè wọ́n lẹ́yìn eré, a bú wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi máa rẹ́rìn-ín ṣubú lu ara wọn, wọn a sì ní kó wá bá àwọn ya fọ́tò. Ẹni tó ń sáré lápá òsì a máa jó sí orin tí wọ́n bá fi bú u. Ọ̀kan wà tó ki òwú bọ etí lọ́jọ́ kan; rẹfirí fọn fèrè, fọn fọn fọn, kò gbọ́, ó bá gba káàdì. Èmi ní tèmi, mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé n kì í gbọ́ wọn rárá, pé bọ́ọ̀lù nìkan ni mo máa ń wò. Irọ́ gbáà ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó já bọ́ mọ́ mi. Mo lè sọ èwo nínú wọn ni òtútù mú lọ́sẹ̀ náà.

Orúkọ tèmi wá lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ lé wa lórí. Góòlù mẹ́rin ló wọ àwọ̀n mi, ọ̀kan nínú wọn sì gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn mi: “Àǹtí, ẹ ń jò o! Àbí asẹ́ ni yín?” Asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì. Gbogbo orí àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi máa gbá eré tó tẹ̀ lé e, ó ti sọ ọ́ di orin. Òun ló ń lé e, àwọn yòókù ló ń gbè é:

“Kò ní gbá a mú o!” “Asẹ́!”

“Yóò jò kọjá o!” “Asẹ́!”

“Ẹ gbé korobá wá o!” “Asẹ́!”

Ẹ sì mọ bí orin ṣe máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn. Ohùn orin yẹn wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, débi pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè máà mọ ohun tí wọ́n ń pè gan-an. Èmi mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dé ilé, mò ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ń fọ ìbọ̀wọ́ mi, mò ń gbọ́ ọ. Ó ń dùn mí dé egungun, bí wọ́n bá sì bi mí, mo máa ń sọ pé orin wo.

Ìyá mi nìkan ni n kò jẹ́ kó mọ̀ sí i. Aránṣọ ni ní Mushin, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán jù. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ó tẹ̀ lé ọkọ wá sí Èkó nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n Èkó kò rí ahọ́n rẹ̀ mú. Títí di òní, isu ni iṣu lẹ́nu rẹ̀, asọ ni aṣọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ṣe Àmín bí gbogbo èèyàn. Nílé, àṣẹ ló fi ń gba àdúrà bí baba rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, “àsẹ” ló sì ń pè é. Láràárọ̀ kí n tó lọ sí pápá, màá kúnlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé mi lórí, yóò ní n kò ní fara pa, n kò ní tẹ́, yóò sì fi “Àsẹ!” tì í lẹ́yìn. Ẹ wo wàhálà tí mo kó sí. Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, a dà bíi pé àwọn ọmọ yẹn ti bá mi wọ yàrá. Mo máa ń yára dìde láìdáhùn, ó sì máa ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ó yẹ kí n ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọmọ òun, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún un pé asẹ́ ni wọ́n ń pè mí?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó lé ọ̀rọ̀ náà títí Màámi fi ní òun ń bọ̀ wá wòran. Kò wá rí. Eré tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn nínú sáà ìdíje náà ni, a sì nílò rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé a ti wà ní bèbè àtijábọ́ kúrò nínú líìgì. Mo bá a gba àyè lábẹ́ òrùlé, lọ́dọ̀ àwọn àlejò pàtàkì. Nígbà tí a jáde sí pápá, mo wo ibẹ̀ títí, n kò rí i. Àṣé ó ti bi èèyàn níbi tí aṣọ́lé máa ń dúró sí, ó ní ọ̀dọ̀ ọmọ òun ni òun bá wá. Agboòrùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni mo rí láàárín àwọn ọmọ yẹn, lẹ́yìn wáyà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ tí mo wà ní apá kejì pápá, ó ti ra gúgúrú fún wọn, wọ́n ń pè é ní Mọ́mì. Wọn ò mọ ẹni tó bí. Òun náà ò sì mọ ohun tó ń bọ̀.

A yí padà, mo sì ń rìn lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo gbàdúrà pé kí ohun kan di ọmọbìnrin náà lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn nìkan. Ọlọ́run máa ń gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí èèyàn kò rò. Gúgúrú ló kọ́kọ́ dí wọn lẹ́nu. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni a ti jẹ. Àwọn àlejò wa gba bọ́ọ̀lù igun, gbogbo èèyàn sì kó síwájú mi, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹni tó fẹ́ gbá a gbé ọwọ́ sókè. Ìgbà náà ni orin bẹ̀rẹ̀.

“Kò ní gbá a mú o!”

“Asẹ́!”

“Yóò jò kọjá o!”

“Asẹ́!”

Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e kì í ṣe ohùn ọmọdé. “Ẹ̀ ń sépè fún ọmọ mi! Ẹ tún ń fi àsẹ dè é!” Mo yí ọrùn padà. Màámi ti dìde láàárín wọn, ó ti tú gèlè rẹ̀, ó ká a sọ́wọ́, ó sì na ìka sí ọmọbìnrin kan. “Ìwọ tí o ń lé e! Ohùn tí o fi ń sépè yẹn á há sí ọ lọ́fun. Á há! Kò ní jáde mọ́!” Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá sínú àwọ̀n nígbà tí mò ń wo ìyá mi.

Mo dúró de orin náà. Kò wá. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó pè mí lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni èébú, ọ̀tọ̀ ni èpè. Àwọn ọmọ Èkó lè bú ìran ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n sì jọ jẹun nínú abọ́ kan, nítorí pé eré ni. Kò sí ẹni tó ń fi èpè ṣeré, àgàgà èpè láti ẹnu ìyá ọlọ́mọ tó tú gèlè. Mo rí i tí ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sá gba ẹnu ọ̀nà jáde. Èèyàn díẹ̀ ló tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi títí eré fi parí, a sì pàdánù.

Màámi dì mọ́ mi nígbà tí mo jáde, ó ń fọwọ́ pa mí lára kiri bóyá ohun kan ti ṣe mí. A wọkọ̀, a kọjá Ojúẹlẹ́gba. Mo wá ní, “Màámi, eré ni wọ́n ń ṣe.” Ó ní, “Eré èpè?” Ibi tó yẹ kí n ti là á mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú dì mí lẹ́nu. Mo ní kó jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.

Kò ṣeé gbàgbé. Ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò lọ́wọ́, ìyá àgbà kan wá sí pápá, ó ní ìyá kípà ni òun ń wá, wọ́n bá fi mí hàn án. Òyìngbò ló ti wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ohùn ọmọ ti lọ. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. “Dókítà ní ọ̀fun rẹ̀ ló wú, pé ariwo ọjọ́ pípẹ́ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n fún wa lóògùn, à ń lò ó. Wíwú yẹn ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ò gbìyànjú ẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé kò lè jáde, pé ìyá yín ti tì í pa. Oúnjẹ gan-an, ó ń ṣòro.” Ó wá mú mi lọ́wọ́. “Oògùn wà lọ́wọ́ dókítà, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ìyá rẹ. Bá mi bẹ̀ ẹ́.” Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, ẹni tó bí ẹni tó bí ẹgbẹ́ mi. Mo yára gbá a mú. Ìyẹn kò jò mọ́ mi lọ́wọ́.

Kóòṣì wa ti ń wò wá láti òkèèrè. Nígbà tí ìyá àgbà lọ tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní bọ́ọ̀lù o. Àwọn ọmọ yẹn ti gbé e sórí wáàsáàpù, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wọn ń sọ pé àwọn ò ní jẹ́ kó o dúró síbẹ̀ ní Sátidé. N ò lè fi ẹ̀mí ẹ wewu. Lọ yanjú ẹ̀ pẹ̀lú Mọ́mì, àbí kí kípà kejì wọlé.” Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Sátidé yẹn ni eré tó kẹ́yìn, àdéhùn iṣẹ́ mi sì ń parí pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń lọ sílé, iṣẹ́ kọ́ ló wà lọ́kàn mi mọ́. Ìgbà gbogbo ni mo ti ń fẹ́ kí ọmọ yẹn pa ẹnu mọ́. Ó ti wá pa á mọ́ báyìí.

Màámi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mo wọlé, yunifọ́ọ̀mù tí kò tíì lápá kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ròyìn fún un. Kò gbé ojú sókè. “Ọlọ́run á wò ó sàn,” ló wí. Mo ní kó wá ká lọ, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ọmọ náà. Ẹ̀rọ dúró. “N ò sépè fún ẹnikẹ́ni. Tiwọn ni mo dá padà. Bí mo bá wá kó tèmi kúrò, tiwọn á kù sórí ta? Orí ẹ!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Gbogbo bó o se ń sáré dìde láràárọ̀, bó ò se lè gba àdúrà mọ́, mo ti ń bi ara mi pé kí ló se ọmọ mi. Mo wá dé bẹ̀, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. ‘Kò ní gbá a mú o, àsẹ.’ Ọmọ kékeré!”

“Màámi, asẹ́ ni wọ́n ń wí.”

“Àsẹ náà ni mo gbọ́.”

“Kì í ṣe àṣẹ. Asẹ́!”

“Mo ní mo gbọ́ ọ!”

Inú bí mi. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo já asẹ́ ògì lórí ìṣó, mo gbé e síwájú rẹ̀. “Èyí, Màámi. Èyí ni wọ́n ń pè mí.” Ó wo asẹ́, ó wo ojú mi. Ó ní kí ló fa ìyẹn. Mo ní wọ́n ní mò ń jò ni. Ó tún wo asẹ́ náà, mo sì rí i pé kò tíì gbà mí gbọ́. Ó rò pé mo hùmọ̀ rẹ̀ kí n lè gba ọmọ náà sílẹ̀ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ọmọ tó ni orin kò lóhùn mọ́. Èmi ni mo máa kọ ọ́.

Mo dúró láàárín yunifọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn, bí mo ṣe ga tó, asẹ́ lọ́wọ́ mi, mo gbẹ́nu lé orin tí wọ́n fi ń bú mi. Èmi ni mo lé e, èmi náà ni mo gbè é. Mo kọ ti korobá. Ojú ń tì mí débi pé ojú ẹ̀rọ ni mò ń wò. Mo dé ibi tí n kò ti fẹ́ kí etí kankan gbọ́ láyé:

“Ìyá ológì ń wá yín o!” “Asẹ́!”

“Èèrí ti kún kíṣìnì o!” “Asẹ́!”

“Ta ló yọ̀ǹda yín wá sí pápá o!” “Asẹ́!”

Nígbà tí mo gbójú sókè, èjìká Màámi ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ó ti fi yunifọ́ọ̀mù kan bo ẹnu, ó ń gbìyànjú láti mú un mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. “Ta ló yọ̀ǹda yín,” ló ń wí, ó ń lu itan. Ẹ̀rín náà ràn mí. Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òjò, mo wá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: orin tó dára ni. Ọmọ náà lọ́gbọ́n. Mo sì rántí pé kì í ṣe èébú nìkan ni wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn mi. Wọ́n ti pariwo fún mi rí lọ́jọ́ tí mo gba pẹ́nárítì, wọ́n ti fi orúkọ mi jó. Gbogbo ìyẹn ti jò lọ. Asẹ́ tòótọ́ ni mí, èèrí nìkan ni mò ń dá dúró.

Lójijì ni ẹ̀rín Màámi dá. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. “Èmi mà ti sépè fún ọmọ tó ń kọrin asẹ́,” ló wí. Ó nawọ́ mú gèlè rẹ̀. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń wo ẹyin nílẹ̀. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?” Mo ní ojú tì mí ni. Ó ní, “Ìtìjú ẹ ló fẹ́ gba ohùn ọmọ ọlọ́mọ.” Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni a lọ sí Òyìngbò.

Ilé wọn kò jìnnà sí ojú irin. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń kọrin ti kó sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé, ìròyìn ti ṣáájú wa dé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohùn tó ti ń lé mi kiri ní ìtòsí. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èjí wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi síkáàfù wé ọrùn. Bó ṣe rí Màámi, ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Ó dùn mí wọ̀. Màámi kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, òun sì ṣi ẹnu lò. Ìyá àgbà gbé e dìde. “Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra,” ló wí, ó sì ti ọmọ náà síwájú díẹ̀díẹ̀.

Màámi ní kí wọ́n bu omi tútù wá. Ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó da ìyókù sílẹ̀ níwájú ọmọ náà. “Ohun tí mo wí lọ́jọ́ náà, mo kó o kúrò lọ́fun rẹ. Omi ti gbé e lọ. Ohùn rẹ á là o!”

Àwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà ti mọ́ ọn lára jù. Bí wọ́n ṣe gbọ́ “o” yẹn ni wọ́n gbè é, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, lóhùn orin.

Mo wo Màámi. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Èwo lẹ wí nínú méjèèjì?” Ọ̀kan nínú wọn tó ti ń fà sẹ́yìn ní, “Àṣẹ ni, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ ti àdúrà.” Màámi ní kí wọ́n tún un wí, kó dá òun lójú. Wọ́n tún un wí. Ẹnu ọmọbìnrin náà ń mì pẹ̀lú tiwọn. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀.

Ní Sátidé, kóòṣì wò mí títí, ó ní ṣé ó ti tán. Mo ní a ti ṣe tiwa. Ó jẹ́ kí n wọlé. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ní wọ́n ń halẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fi ara ti wáyà, wọ́n káwọ́ gbera, omi inú ọ̀rá wà lọ́wọ́ àwọn kan, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ mu ún ni tàbí wọ́n fẹ́ jù ú. Agboòrùn Màámi wà láàárín wọn. Ọmọbìnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀, síkáàfù lọ́rùn. Kò tíì sọ̀rọ̀. Nítorí pé òun kò lé orin, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Mo dúró síwájú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn jálẹ̀ ìdajì kejì, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, kò sí èébú tó wúwo tó o. A ti fi góòlù kan ṣáájú. Bí a bá dì í mú, a wà nínú líìgì.

Eré ń parí lọ nígbà tí rẹfirí fún wọn ní pẹ́nárítì. Mo dúró sórí ìlà, mo na ọwọ́ méjèèjì, n kò sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi àfi bí fìlà ẹnìkan ṣe ń lu wáyà. Ẹni tó fẹ́ gbá a gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Ìgbà náà ni nǹkan kan dún, ó ha, ó rí gbàràgbàrà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì tipẹ́.

“Kò… ní gbá a mú o.”

Kò sí ẹni tó gbè é, nítorí ìyanu. Ó tún un wí, ó fọ́ sí méjì láàárín, ó parí ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn, ohùn àgbà, ohùn Ìbàdàn, ó sì pè é gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ká pè é: “Asẹ́!” Ìyá tó bí mi. Lẹ́yìn náà gbogbo orí àtẹ̀gùn gbè é. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín, báyìí ni ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ṣe bá mi. Mi ò mọ ohun tó rò. Mo fò sápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù lọ sápá òsì, ó lu òpó, ó padà sínú pápá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì gbá a dànù. N kò fọwọ́ kàn án. Kí n tó dìde nílẹ̀, ohùn gbígbẹ yẹn ti ní orin tuntun:

“Òpó ló gbà yín sílẹ̀ o!”

“Asẹ́!”

A dúró nínú líìgì lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n n kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ báyìí. Mò ń kọ́ àwọn aṣọ́lé kéékèèké ní Ṣúrùlérè, àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé mo lórúkọ kan rí. Tiwọn tún le ju tiwa lọ, nítorí pé inú fóònù ni wọ́n ti ń bú wọn, àwọn tí wọn kò ní rí láé. Wọ́n máa ń gbé e wá fún mi, ojú wọn á ti pọ́n. Àwọn kan fẹ́ dá wọn lóhùn, àwọn kan ní àwọn kò rí i rárá, mo sì mọ irọ́ yẹn ju ẹni tó ń pa á lọ. N kì í sọ fún wọn pé kí wọ́n má ka ọ̀rọ̀ náà sí. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n kà á sókè fún ẹni tó fẹ́ràn wọn jù, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń wò mí bíi pé orí mi ti yí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣe é.

Màámi ti darúgbó, ó ti padà sí Ìbàdàn. Ohùn tó tú gèlè lọ́jọ́ yẹn ti tín-ínrín, mo gbọ́dọ̀ tẹ fóònù mọ́ etí kí n tó gbọ́ ọ. Kò pa àdúrà àárọ̀ jẹ. Bó bá ṣe é tán, yóò ní, “Àsẹ.” Nítorí pé ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tí kò gòkè tí kò sì wálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo máa ń bi í pé, “Èwo nínú méjèèjì, Màámi?”

“Gba méjèèjì,” ni yóò wí. Mo sì máa ń gbà wọ́n.